Áàpù fún igi eléso àdúgbò: bí a ṣe ń ṣe é, láti agboolé dé orí fóònù

Bí oṣù kẹrin bá ti wọlé ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ rìn láti Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, wọ àárín ìlú lówùúrọ̀. Imú yín ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín pé máńgòrò ti ń jẹrà lábẹ́ igi nínú agboolé kan, eṣinṣin á sì ti bò ó. Ẹ rìn síwájú díẹ̀, ẹ ó rí ọmọ ilé-ìwé tó ń fi ọgọ́rùn-ún fàráǹkì ra máńgòrò tí ọkọ̀ kó wá láti ibòmíràn. Láti agboolé yẹn dé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọ̀rọ̀ ni kò dé etí. Kí ọ̀rọ̀ lè dé etí ni a ṣe ń ṣe áàpù yìí.

Mo wà lára àwọn mẹ́rin tó ṣe irú rẹ̀ fún àdúgbò tiwa. Mò ń kọ èyí fún ẹni tó mọ kóòdù díẹ̀, tàbí tó ní àbúrò tó mọ̀ ọ́n, tó sì fẹ́ràn igi. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kóòdù kò pọ̀ níbí. Ẹni tó ni igi ni iṣẹ́ yìí dúró lé lórí; bí ẹ kò bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kóòdù tó dára jù kò ní ràn yín lọ́wọ́.

1. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn

Ẹ má tíì ṣí kọ̀ǹpútà. Ẹ mú ìwé kan àti bírò, ẹ yan àdúgbò kan ṣoṣo, kí ẹ wọ agboolé kọ̀ọ̀kan tí igi eléso wà. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló dára, nígbà tí àwọn àgbà ti ti oko tàbí ọjà dé. Ẹ kí wọn, ẹ jókòó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọ agboolé ẹnikẹ́ni, ẹ ti gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò, kí ẹ ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, nítorí ẹni tó bá rí ọ̀dọ́ tó ń ya fọ́tò igi, tó sì ń kọ orúkọ sínú ìwé, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ.

Kò sì ṣàṣìṣe. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó ni ilẹ̀ lè má jẹ́ ẹni tó ni igi. Bàbá kan lè fún àlejò ní ilẹ̀ kó fi gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, kó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbin igi síbẹ̀, torí igi a máa pẹ́ nílẹ̀, ẹni tó gbìn ín lè dìde lọ́la kó ní ilẹ̀ náà ti di tòun. Bí áàpù yín bá wá kọ ọ́ sórí máàpù pé "igi Lágbájá", ó ti dá sí ẹjọ́ tí kò mọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà, a kì í kọ "ẹni tó ni igi" nínú tiwa. "Ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ nípa igi yìí" ni à ń kọ, a sì kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé àkọ́kọ́ pé ohun tó wà nínú áàpù yìí kì í ṣe ẹ̀rí ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè márùn-ún là ń bi wọ́n. Kí lẹ̀ ń pe igi yìí? Oṣù wo ló máa ń so, ìgbà wo ló máa ń tán? Ta ló lè wá mú níbẹ̀? Kí lẹ fẹ́ kí ẹni tó wá mú ṣe fún yín? Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn rí i lórí fóònù? Ìbéèrè kẹrin ló máa ń jẹ́ kí àwọn àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́, ìdáhùn rẹ̀ ló sì níye lórí jù. Ìyá kan ní kí wọ́n gbá abẹ́ igi òun kí wọ́n tó lọ. Bàbá kan ní kí wọ́n bá òun pọn omi garawa méjì. Ẹlòmíràn ní ìdajì ni tòun, kò sì sí àwáwí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ti ẹnu wọn jáde. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má kọ ohunkóhun. Ní ti igi tó bá wà lójúbọ tàbí nítòsí ojúbọ, ẹ má bèèrè lẹ́ẹ̀mejì.

2. Ẹ fi àsìkò èso kan dán an wò láìsí kóòdù

Ẹ dá ẹgbẹ́ WhatsApp kan sílẹ̀, kí ẹnì kan máa tọ́jú ìwé. Kí ẹni tí máńgòrò rẹ̀ bá pọ́n sọ ọ́ síbẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ dáhùn. Oṣù mẹ́ta ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yí ohun tí a ní lọ́kàn padà pátápátá. Máàpù ńlá aláràbarà la ti ń rò tẹ́lẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọjá nínú ẹgbẹ́ náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló béèrè ọ̀nà, torí àwọn ará àdúgbò mọ ilé ara wọn. "Ṣé ó ṣì kù?" ni gbogbo wọn ń béèrè. Ohun tí áàpù wa ń ṣe jù lọ báyìí ni kó dá ìbéèrè yẹn lóhùn.

Bí ẹ bá fẹ́ wo bí àwọn mìíràn ti ṣe é, ẹ wo Falling Fruit, máàpù èso tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Boulder ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013, tó sì ti tàn ká ayé. Ó dára láti kọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi etí títì, tí ẹnikẹ́ni lè mú nínú èso rẹ̀, ló pọ̀ níbẹ̀. Ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ, igi tí kò ní ẹni tó ń bójú tó o ṣọ̀wọ́n. Ẹ kò lè gbé tiwọn wá bó ṣe wà.

Fún ẹni tí kò mọ kóòdù rárá, KoboToolbox ń jẹ́ kí a gbé fọ́ọ̀mù sórí fóònù Android, kí a kọ ìdáhùn sí i níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì fi ránṣẹ́ nígbà tí a bá dé ibi tí nẹ́tíwọ̀kì wà. uMap, tó ń lo máàpù OpenStreetMap, yóò sì fi igi náà hàn. Àdúgbò mìíràn lè fi méjèèjì yìí parí gbogbo rẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

3. Tábìlì mẹ́ta

Bí ẹ bá wá fẹ́ kọ áàpù fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí tábìlì yín, ìyẹn ìwé onílà tí kọ̀ǹpútà ń to ìsọfúnni sí, ju mẹ́ta lọ. Ti àkọ́kọ́ ni ti igi: orúkọ tí agboolé ń pè é, irú igi tó jẹ́, ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, oṣù tó ń so, ohun tí wọ́n ní kí àlejò ṣe, fọ́tò kan, ohùn kan, àti ọjọ́ tí wọ́n gbà pé kí a fi í hàn. Ti kejì ni ti ìròyìn: igi wo, ọjọ́ wo, ṣé ó ti pọ́n, ṣé ó ṣì kù, ṣé ó ti tán. Ti kẹta ni ti ọmọ igi àti kóró, èmi yóò padà sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ìròyìn máa kú fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ pé "ó ṣì kù", tí ọjọ́ mẹ́ta kọjá tí ẹlòmíràn kò sọ nǹkan kan, kí áàpù pa á rẹ́. Ẹni tó bá rin ìrìn òfo lẹ́ẹ̀mejì kò ní ṣí áàpù yín mọ́. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ owó sí i lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tà, kó tà lẹ́nu ara rẹ̀.

4. Ibi tí igi wà

Níbí ni a ti ṣe ohun tó dùn mí títí di òní. Nínú áàpù wa àkọ́kọ́, a fi ojú ibi tí igi kọ̀ọ̀kan wà hàn gẹ́lẹ́ bí fóònù ṣe sọ ọ́. Igi agbálùmọ̀ ìyá tó ní kí wọ́n gbá abẹ́ igi òun wà lára wọn. Ẹ mọ̀ pé agbálùmọ̀ kì í ṣe èso tí à ń ká. Ṣíṣà là ń ṣà á. Fúnra rẹ̀ ló máa ń já bọ́ bó bá pọ́n, èyí tí a bá fi ipá já á ní oje tó ń lẹ̀ mọ́ ètè, ó sì máa ń kan. Àwọn ọmọkùnrin kan tí a kò mọ̀ dé ṣáájú ìyá ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń ju igi lu igi. Ẹ̀ka méjì ya. Ìyá kò pariwo mọ́ wa. Ó kàn mú ẹ̀ka tó ya náà, ó fi ewé rẹ̀ hàn wá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí idẹ, ó ní, "Bàbá mi ló gbin èyí." Ọjọ́ yẹn gan-an la yọ gbogbo igi kúrò lórí máàpù.

Bí a ṣe tún un ṣe rèé, kí ẹ má bàa ṣe irú rẹ̀. Nọ́ńbà tí fóònù ń fún wa fún ibi kan máa ń gùn. Bí nọ́ńbà márùn-ún bá wà lẹ́yìn àmì, bíi 7.36214, ó lè tọ́ka sí ibi tí kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ìdí igi gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá gé e kù sí mẹ́ta, 7.362, ó di nǹkan bíi mítà 110. Àdúgbò ló ń tọ́ka sí, kì í ṣe agboolé. Ẹ tọ́jú èyí tó gùn sí ibi tí àwọn alábòójútó nìkan lè rí. Èyí tó kúrú ni kí ẹ fi han gbogbo ayé. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù ti ń gba ìsọfúnni, ni kí ó gé e o, kì í ṣe ojú fóònù, torí bí nọ́ńbà gígùn bá ti dé inú fóònù ẹni, ẹni tó gbọ́n díẹ̀ yóò rí i. Ẹni tó bá fẹ́ wá yóò kọ́kọ́ béèrè, aṣojú agboolé náà yóò dáhùn, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà yóò ṣí.

5. Orúkọ èso, àti bí a ṣe ń kọ ọ́

Ẹni tó bá ka ìwé Yorùbá láti Nàìjíríà yóò kọ ìbẹ́pẹ. Ẹni tó kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà lọ́dọ̀ wa yóò kọ ìbɛ́kpɛ, nítorí álífábẹ́ẹ̀tì èdè orílẹ̀-èdè tí Benin gbé kalẹ̀ ní ọdún 1975 ń lo ɛ fún ẹ, ɔ fún ọ, kp fún p, àti sh fún ṣ. Ọmọ tó ń lo fóònù lásán yóò tẹ ibepe. Ìbẹ́pẹ kan náà ni gbogbo wọn ń wá, áàpù tí kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò sọ fún ẹni méjì nínú mẹ́ta pé kò sí.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é: bí ẹnì kan bá tẹ ọ̀rọ̀, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di lẹ́tà kékeré, ẹ fi ọ̀nà tí Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè, ń pè ní NFD tú lẹ́tà kúrò lára àmì rẹ̀, ẹ yọ gbogbo àmì dànù, ẹ sọ ɛ di e, ɔ di o, kp di p, sh di s. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí orúkọ tó wà nínú tábìlì pẹ̀lú, nínú òpó ọ̀tọ̀ tí a fi ń wá nǹkan nìkan. Ẹ má fo ti NFD yẹn. Lẹ́tà bíi ọ́ kò ní ààyè tirẹ̀ nínú Unicode; fóònù kan lè kọ ọ́ bí ọ pẹ̀lú àmì òkè, òmíràn bí o pẹ̀lú àmì méjì, ojú ènìyàn kò ní mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi wá ìdí tí "ọsàn" kò fi rí "ọsàn".

Bí ẹ bá ti yọ àmì ohùn, àwọn ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ síra yóò di ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí fọ́tò èso wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan tí ìwákiri bá mú jáde, ojú yóò yan èyí tó fẹ́. Orúkọ tí ẹ ó sì fi hàn, pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré ni kó jẹ́. A kò gbọ́dọ̀ ya èdè wa lápá torí kọ̀ǹpútà.

6. Fóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn

Fóònù kékeré ló pọ̀ lọ́wọ́, dátà sì wọ́n. Èyí tó ń ṣí nínú bíráwúsà, tó sì lè tọ́jú ara rẹ̀ sínú fóònù kó lè ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀kì, sàn ju èyí tí a ní láti gbà sílẹ̀ láti Play Store lọ. Fọ́tò tí fóònù yà lè tó mẹ́gábáìtì mẹ́ta. Ẹ dín in kù nínú fóònù kó tó gbéra, kó má fẹ̀ ju 800 píksẹ́ẹ̀lì lọ, yóò ṣì hàn dáadáa.

Ohùn ṣe pàtàkì ju ìwé lọ. Faransé ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ wa ní ilé-ìwé, àwọn àgbà púpọ̀ kò sì kàwé rárá. Ẹ jẹ́ kí agboolé kọ̀ọ̀kan fi ohùn ara wọn sọ nípa igi wọn, ìṣẹ́jú àáyá ogún tó. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn ìyá àgbà kan tó ń sọ lédè Kétu pé, "Ẹ wá o, ṣùgbọ́n ẹ má gun un," kò sí ẹni tí yóò gun un.

Ẹni tí kò ní fóònù ńlá, àtẹ̀jíṣẹ́ lásán tó fún un. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù: láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà Benin ti kúrò ní mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá, 01 ló ṣáájú. Àwọn àgbà ṣì máa ń ka ti àtijọ́. Ẹ gba méjèèjì wọlé, kí áàpù fúnra rẹ̀ fi 01 síwájú èyí tó bá jẹ́ mẹ́jọ. Benin sì ní òfin lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní Code du numérique láti ọdún 2018, APDP ni àjọ tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìsọfúnni àwọn èèyàn. Ẹ kàn sí wọn kí ẹ tó kó orúkọ àti nọ́ńbà àdúgbò jọ.

7. Kí igi pọ̀ sí i

Tábìlì kẹta nìyí, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó ní kóró tàbí ọmọ igi yóò kọ ọ́, ẹni tó ní ilẹ̀ yóò gbà á. Ẹ kọ ìyá igi tó ti wá mọ́ ọn, kí ẹni tó gbà á lè lọ tọ́ èso rẹ̀ wò kó tó gbìn. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n yọ kóró náà pẹ̀lú, torí kóró máńgòrò àti ti agbálùmọ̀ kì í pẹ́ kó tó kú bó bá gbẹ. Kí áàpù yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ ya èyí tó hù láti inú kóró sọ́tọ̀ sí èyí tí wọ́n gé ẹ̀ka igi dáadáa so mọ́ ìdí rẹ̀, tí à ń pè ní gírẹ́fé níbí. Ti gírẹ́fé máa ń yá so, ó sì máa ń jọ ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn dáadáa, Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ wà nítòsí wa ní Kétu, ibùdó Songhai tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 sì wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo).

Kí áàpù máa rán ẹni tó gbin igi létí, kó má sì pariwo jù. Àwọn ìránnilétí tiwa rèé. Kí òjò tó rọ̀ dáadáa: gbẹ́ ihò tó jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, tó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kó erùpẹ̀ òkè sọ́tọ̀, pò ó mọ́ ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà jẹ́ ọjọ́ igi ní Benin, ọjọ́ tó dára láti gbìn ín, torí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbìn ín: ẹ ṣe ọgbà yí i ká, torí ewúrẹ́ kò ní dúró dọ̀la. Bí máńgòrò bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi bíi mítà mẹ́wàá sáàárín. Oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá ń lọ: ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí koríko má kan ara igi. Láti ìgbà náà, omi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí òjò yóò fi padà. Ọ̀gbẹlẹ̀ àkọ́kọ́ yìí ló ń pa ọmọ igi jù lọ́dọ̀ wa. A ti sin púpọ̀.

Ìránnilétí kan tún wà fún àwọn tó ní igi ńlá. Eṣinṣin èso tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bactrocera dorsalis wá láti Éṣíà. Ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní Kẹ́ńyà, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń yé ẹyin sábẹ́ èèpo èso tó ń pọ́n, ìdin yóò jẹ inú rẹ̀, yóò wọ ilẹ̀ lọ, yóò sì jáde ní eṣinṣin tuntun. Máńgòrò tó ń jẹrà lábẹ́ igi ni ó ti ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí èso bá kù tí kò sẹ́ni tó wá, kí áàpù rán agboolé náà létí pé kí wọ́n ṣa á sínú ọ̀rá dúdú, kí wọ́n so ó pa, kí wọ́n fi í sínú oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ooru yóò pa ìdin inú rẹ̀. Kí wọ́n má sì jó èèrà pupa tó ń rán ewé pọ̀ lórí igi. Ìwádìí nínú oko máńgòrò ní Benin fi hàn pé igi tí wọ́n bá wà lórí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní èso tí eṣinṣin yìí bàjẹ́. Wọ́n ń ta ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n.

8. Lẹ́yìn ọdún kan

Ẹ padà sí agboolé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé yín. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ṣì fẹ́. Kí ìyọ̀ǹda má ju oṣù méjìlá lọ. Bí ẹ kò bá tíì padà béèrè, kí igi náà fara pamọ́ fúnra rẹ̀. Igi tí wọ́n ti gé, ẹ má pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú tábìlì. Ẹ kọ pé wọ́n ti gé e, kí ẹ sì kọ agboolé tí ọmọ rẹ̀ wà báyìí.

A padà sọ́dọ̀ ìyá alágbálùmọ̀. Ó jẹ́ kí igi rẹ̀ padà wọlé, ó sì fi òfin tuntun kan lé ti gbígbá abẹ́ igi: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dé kí oòrùn tó yọ. A fi ohùn rẹ̀ sí i. Ọmọ igi mẹ́sàn-án láti inú kóró rẹ̀ ló wà nínú tábìlì kẹta báyìí. Méje ti rí ilẹ̀.